Ọjọ́ 21 Àkọ́kọ́ Lórí Kẹ́mò: Ìdí Tí Ibà Kò Fi Jẹ́ Ibà Lásán Mọ́

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí kẹ́mò, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń gbógun ti àrùn jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ wa ló ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ mọ́ ọn ni pé ó ń mú irun re, ó ń mú èèyàn bì, ó sì ń gbówó lọ́wọ́ ẹni. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó léwu jù kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Èèyàn kì í fojú rí i, kì í dunni, ó sì lè pa èèyàn láàárín ọjọ́ kan sí méjì bí a kò bá mọ̀ ọ́n. Òun gan-an ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí.

Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni mo ti kọ́ ọ. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí, Agbowó níbí ni mò ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, àyẹ̀wò fi hàn pé mo ní jẹjẹrẹ ọmú. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ kẹ́mò ní UCH. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo máa gba oògùn àkọ́kọ́, ọjọ́ 21 ni yóò sì máa wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Mo mú ìwé kékeré kan, mo ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sínú rẹ̀. Inú ìwé yẹn ni mo ti mú àwọn ọjọ́ tí mo máa dárúkọ nísàlẹ̀ yìí.

Ta ni kẹ́mò ń lé kiri?

Sẹ́ẹ̀lì ló para pọ̀ di ara wa. Sẹ́ẹ̀lì kan á pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ìkókó ṣe ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ọgbẹ́ ṣe ń jiná. Nínú ara tó dá ṣáṣá, sẹ́ẹ̀lì kì í kàn máa pín bó ṣe wù ú. Ó ní ìgbà tí ara á ní kó pín, ó sì ní ìgbà tí ara á ní kó dúró. Jẹjẹrẹ ni sẹ́ẹ̀lì tí kò gbọ́ “dúró” mọ́. Ó ń pín ṣáá, ó ń gba àyè alámùúlétì rẹ̀, bíi ẹni tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù wọ ojú títì láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kẹ́mò tí wọ́n fún mi kò mọ ojú jẹjẹrẹ. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló mọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó bá bá lẹ́nu pípín ló máa ń bà jẹ́ jù. Ẹ fojú inú wo ọlọ́pàá tí kò mọ ojú olè, tí wọ́n kàn sọ fún un pé ẹni tó bá rí tó ń sáré ni kó mú. Lóòótọ́ olè ń sáré, ṣùgbọ́n ọmọ iléèwé tó ti pẹ́ náà ń sáré, ẹni tó ń lé mícrà ní Bódìjà náà ń sáré.

Àwọn wo ló ń sáré nínú ara wa láìjẹ́ olè? Mẹ́ta ni ká mú. Àkọ́kọ́ ni gbòǹgbò irun orí. Èkejì ni awọ inú ẹnu àti inú ìfun, tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀kẹta ni mùdùnmúdùn inú eegun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí irun fi ń re, tí egbò fi ń yọ lẹ́nu, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dín kù. Gbòǹgbò kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti hù jáde.

Láti inú gáàsì ogun dé Ìbàdàn

Ibi tí ọgbọ́n yìí ti wá yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n lo gáàsì olóró kan tí wọ́n ń pè ní mustard gas. Àwọn dókítà tó yẹ òkú àwọn tí gáàsì náà pa wò rí i pé ẹ̀jẹ̀ funfun wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní 1942, àwọn onímọ̀ ní Yale University ní Amẹ́ríkà mú ìbátan gáàsì náà, wọ́n sọ ọ́ di oògùn, wọ́n sì fún ọkùnrin kan tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ funfun ti mú wíwú bá ọrùn rẹ̀. Wíwú náà sì fà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá 1943, ọkọ̀ òfuurufú àwọn Jámánì ju bọ́ǹbù sí èbúté Bari ní Ítálì. Wọ́n ba ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà kan jẹ́, SS John Harvey, tó fi ìkọ̀kọ̀ kó gáàsì yìí sínú. Ohun kan náà ni wọ́n tún rí lára àwọn tó fara kásá: ẹ̀jẹ̀ funfun wọn wálẹ̀ bìrì. Ìbéèrè tó wá jáde kò le: bí májèlé yìí bá ń pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, ṣé a kò lè wọ̀n ọ́n níwọ̀n-níwọ̀n, ká fi pa sẹ́ẹ̀lì tó ti ya ìpáǹle?

Ọ̀kan nínú oògùn méjì tí wọ́n fún mi, cyclophosphamide, ìdílé gáàsì yẹn ló ti wá. Jámánì ni wọ́n ti ṣe é ní àwọn ọdún 1950.

Ìbàdàn náà ní ìpín nínú ìtàn yìí, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n. Ní 1958, dókítà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Uganda, Denis Burkitt, kọ̀wé nípa kókó kan tó ń wú àgbọ̀n àwọn ọmọdé. Kókó náà ń yára dàgbà débi pé ó lè fi ọjọ́ kan tàbí méjì di ìlọ́po méjì. Àwọn ọmọdé tó ní in pọ̀ ní Ìbàdàn náà. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Victor Anomah Ngu, ọmọ Cameroon tó ti kàwé ní Ìbàdàn, tó sì padà wá di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ níbẹ̀, wà lára àwọn tó fi oògùn tọ́jú àwọn ọmọ wọ̀nyí, tí àwọn kan nínú wọn sì yè. Ní 1972, òun àti Burkitt pẹ̀lú àwọn mìíràn gba àmì ẹ̀yẹ Lasker, ọ̀kan lára àmì ẹ̀yẹ tó ga jù nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá yẹn náà ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: kókó tó ń sáré jù lọ ni oògùn rí mú jù lọ.

Ọjọ́ 1: oògùn pupa

Kí wọ́n tó fún mi ní oògùn rárá, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wò, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn mi ṣe ń lù. Ìdí tí wọ́n fi wo ọkàn ni pé oògùn kejì, doxorubicin, lè dá ọkàn lágara bó bá pọ̀ jù láyé ẹni. Wọ́n máa ń ka iye tí èèyàn ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn kì í jẹ́ kó kọjá ààlà.

Doxorubicin pupa bíi zóbò. Inú bakitéríà kan tí wọ́n rí nínú ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti wá ọ̀nà rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìtọ̀ mi náà pupa. Àyà mi ì bá já, àmọ́ nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé àwọ̀ oògùn ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, àti pé láàárín ọjọ́ kan sí méjì á lọ.

Nọ́ọ̀sì yẹn tún sọ ohun kan tí mo kọ sílẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. Ó ní, “Mà, bí ibi abẹ́rẹ́ yìí bá ń ta yín, tàbí ó ń jó yín bí iná, ẹ má fara dà á o. Ẹ pè mí lójú ẹsẹ̀.” Bí doxorubicin bá jò jáde nínú iṣan, ó lè jẹ ẹran ara. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá, àwa tí wọ́n fi “fara dà á” tọ́ dàgbà. Lórí kẹ́mò, ẹni tó bá tètè pariwo ló gbọ́n.

Ní ti cyclophosphamide, omi ni àṣẹ rẹ̀. Bí ara bá ti lò ó tán, ohun tó ṣẹ́kù máa ń gba inú àpò ìtọ̀ jáde, ó sì lè bó o nínú. Mo ń mu omi lọ́pọ̀lọpọ̀, mo sì ń tọ̀ lóòrèkóòrè, kódà lóru.

Ọjọ́ 2 sí 5: inú tó ń rìn

Èébì kẹ́mò kì í ṣe nítorí pé oògùn gba ẹnu wọlé. Tèmi gba inú iṣan wọlé, síbẹ̀ èébì gbé mi. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé oògùn ń da àwọn sẹ́ẹ̀lì kan láàmú nínú ìfun, wọ́n á sì tú kẹ́míkà kan jáde tí wọ́n ń pè ní serotonin. Inú ìfun ni èyí tó pọ̀ jù nínú serotonin ara wa wà. Kẹ́míkà yìí á ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé, “Ẹnì kan ti jẹ májèlé o, ẹ jẹ́ ká pọ̀ ọ́!” Ara kò ṣìnà, májèlé náà ni lóòótọ́. Oògùn ondansetron tí wọ́n fún mi máa ń dí ojú ilẹ̀kùn tí iṣẹ́ náà ń gbà wọlé. Nítorí náà, ẹ lò ó kí inú tó rìn. Bí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ṣòro láti dá dúró.

Ondansetron yìí kan náà ló mú kí n má rí ìgbẹ́ yà fún ọjọ́ mẹ́ta. Omi, ìbẹ́pẹ àti rírìn díẹ̀díẹ̀ nínú yàrá ló bá mi ṣe é. Oúnjẹ tó gbà mí lára ni ògì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìrẹsì funfun, àti omi atalẹ̀ díẹ̀. Òórùn ata dídín láti ilé kejì ni ọ̀tá mi pátápátá. Ọjọ́ 4 àti 5 ló wọ̀ mí lára jù: ó rẹ̀ mí bí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn láti Challenge dé Agbowó. Lọ́jọ́ 6, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Mo jẹ àmàlà. Gbogbo ilé ní “ó ti tán, a dúpẹ́.”

Ibí gan-an ni ẹ̀kọ́ wa wà, ẹ fara balẹ̀.

Ọjọ́ 7 sí 14: nígbà tí ara yá, tí odi ìlú sì wó

Ìgbà tí ara aláìsàn bá yá, tó ń rẹ́rìn-ín, tí kò bì mọ́, ni ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ ń lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Báwo ló ṣe jẹ́?

Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, irú kan wà tí wọ́n ń pè ní neutrophil. Àwọn ni ọmọ ogun iwájú. Bí bakitéríà bá wọlé, àwọn ló ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ẹ̀mí wọn kì í gùn rárá. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa lè lo nǹkan bí ọjọ́ 120, ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ péré ni ọ̀pọ̀ neutrophil ń lò nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, mùdùnmúdùn inú eegun gbọ́dọ̀ máa ṣe tuntun ní gbogbo ìgbà, nǹkan bí bílíọ̀nù 100 lójúmọ́.

Ẹ wá wò ó bí ilé iṣẹ́ búrẹ́dì. Kẹ́mò wọ ilé iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní, ó lu àwọn tó ń po ìyẹ̀fun. Àmọ́ búrẹ́dì tó ti jinná ṣì wà lórí àtẹ, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ̀. Títí di ọjọ́ 5 tàbí 6, wọ́n ṣì ń tà. Tó bá máa fi di ọjọ́ 7 sí 14, àtẹ ti ṣófo, àwọn apo-ìyẹ̀fun tuntun ò sì tíì ríṣẹ́ ṣe tán. Ìgbà yẹn ni ìsàlẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé iṣẹ́ á padà sípò, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 á ti tó láti gba kẹ́mò mìíràn. Ìdí tí wọ́n fi fi ọjọ́ 21 sí i nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n kàn yan nọ́ńbà.

Nọ́ńbà mi, àti ẹ̀jẹ̀ àwa Yorùbá

Kí n tó gba kẹ́mò, neutrophil mi jẹ́ 1,400 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ tó kéré ju ẹ̀kán kan lọ dáadáa. Lábù fi àmì “ó kéré” sí i, torí pé ìwé wọn ní ó yẹ kó tó 1,500 ó kéré tán. Mo mú ìwé náà lọ bá dókítà pẹ̀lú àyà jíjá. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo Yorùbá, àti ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ló ní ìyípadà kékeré kan nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní Duffy. Ìyípadà yìí mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa wa má ní ilẹ̀kùn tí irú kòkòrò ibà kan, Plasmodium vivax, máa ń gbà wọlé. Ẹ̀bùn àwọn baba ńlá wa ni. (Plasmodium falciparum, tó ń bá wa jà níbí, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà wọlé ní tiẹ̀.) Ìyípadà kan náà ló ń mú kí neutrophil inú ẹ̀jẹ̀ wa kéré ju ti àwọn òyìnbó lọ, láìjẹ́ pé àìsàn ń yára mú wa. Ẹlòmíì lè ní nǹkan bí 1,200, kí ara rẹ̀ sì le koko. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sínú ọ̀pọ̀ ìwé lábù, ara àwọn tí kò ní ìyípadà yìí ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n jù.

Àwọn ará Ìbàdàn wà lára àwọn tó ran ayé lọ́wọ́ láti mọ̀ nípa jíìnì wa. Ètò HapMap tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 yẹ jíìnì àwọn èèyàn 270 wò káàkiri àgbáyé. Yorùbá láti Ìbàdàn ni 90 nínú wọn: bàbá, ìyá àti ọmọ, ní ìdílé 30. Títí dòní, bí ẹ bá ka ìwé ìmọ̀ jíìnì, ẹ máa rí lẹ́tà mẹ́ta yìí: YRI. Yorùbá tó wà ní Ìbàdàn ló dúró fún.

Ànfààní ìmọ̀ yìí fún aláìsàn ni pé, bí dókítà kò bá mọ̀ ọ́n, ó lè máa sún kẹ́mò síwájú láìnídìí, jẹjẹrẹ á sì máa rí àyè. Ẹ bi dókítà yín léèrè pé, “Kí ni iye tèmi kí n tó bẹ̀rẹ̀?” Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Bí neutrophil bá wálẹ̀ sí 500 lẹ́yìn kẹ́mò, Yorùbá o, òyìnbó o, ewu ni.

Ọjọ́ 11: ibà tí kò dúró de ojúmọ́

Ní alẹ́ ọjọ́ 11, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi. Kò sí ibi tó ń dùn mí. Mo ti tẹmómítà bọ abíyá: 38.4.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wá tọ́jú mi ti ń wá oògùn ibà nínú báàgì rẹ̀. “Ibà lásán ni, àbúrò mi. Ṣé o ò rí bí ẹ̀fọn ṣe pọ̀ ní àdúgbò yín ni? Lo èyí, lo parasitamọ́ọ̀lù sí i, kó o sùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, a ó lọ.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí. Ọmọ mẹ́rin ló tọ́, kò sí èyí tí ibà kò ṣe nínú wọn, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú wọn. Lára ẹlòmíì, ìmọ̀ràn rere ni. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ibà ẹni tó ń gba kẹ́mò kì í dúró de ojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ báyìí.” Aago mọ́kànlá ti ń lù. Alájọgbé wa tó ní mọ́tò ló gbé wa, a gba Bódìjà kọjá, a gba Sẹkitéríàtì, a gba Total Garden, a dé UCH.

Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà ni, “Kẹ́mò ni mò ń gbà, ọjọ́ 11 rèé, ara mi gbóná dé 38.4.” Gbólóhùn yẹn ṣe pàtàkì ju “ara mi ò yá” lọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi fún àyẹ̀wò, wọ́n ṣe àyẹ̀wò ibà, wọ́n sì fi oògùn apabakitéríà sínú iṣan mi kí èsì kankan tó jáde. Ìlànà tí àwọn dókítà ń tẹ̀ lé káàkiri ayé ni pé kí oògùn náà wọ ara láàárín wákàtí kan.

Neutrophil mi? 300. Àyẹ̀wò ibà kò rí nǹkan. Kódà ká ní ó rí i, wọ́n ṣì máa fún mi ní oògùn apabakitéríà, nítorí pé nílùú wa, ibà ẹ̀fọn àti bakitéríà lè jọ wà nínú ara kan náà.

Kí ló dé tí kò fi sí ibi tó ń dùn mí? Ẹ rántí pé ọyún tó ń jáde lójú egbò, òkú neutrophil ló pọ̀ nínú rẹ̀. Wíwú, pípupa àti ọyún, àmì ogun ni wọ́n. Bí kò bá sí ọmọ ogun, kò ní sí ariwo ogun. Ọ̀tá lè ti wọ ààfin kí ará ìlú tó mọ̀. Lára ẹni tí neutrophil rẹ̀ ti tán, ara gbígbóná lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo tí ẹ máa rí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe ìta ni ọ̀tá yẹn ti wá pẹ̀lú. Bakitéríà tó ń gbé inú ìfun wa jẹ́jẹ́ ni, tó gba ara awọ ìfun tí kẹ́mò ti mú fẹ́lẹ́ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Mo lo òru mẹ́rin nílé ìwòsàn. Lọ́jọ́ 15, neutrophil mi ti gòkè dé 1,000, ara mi ti tutù, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ púpọ̀. Ó kàn ra tẹmómítà kejì, ó fi sínú báàgì ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ agbo

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Mi ò kẹ́gàn ewé. Ewé àti èèpo igi ni ọ̀pọ̀ kẹ́mò ti wá. Òdòdó aláwọ̀ osùn kékeré tí wọ́n máa ń gbìn síwájú ilé, Catharanthus roseus, inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí vincristine tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé. Èèpo igi kan ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí paclitaxel. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ìwọ̀n. Wọ́n mọ iye tó wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì mọ ohun tí ẹ̀dọ̀ máa fi ṣe.

Ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí cyclophosphamide kó tó lè di oògùn rárá. Bí agbo bá ń fi iṣẹ́ mìíràn há ẹ̀dọ̀ lọ́rùn nígbà kan náà, kẹ́mò lè lágbára jù tàbí kó má lágbára tó. Agbo tó ti sùn mọ́jú nínú ìkòkò sì lè ní bakitéríà nínú, ní ọ̀sẹ̀ tí kò sí ọmọ ogun nílé. Mo sọ fún àwọn tó ń gbé e wá pé, “Ẹ ṣeun, ẹ kú àánú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi dókítà.” Kò sí ìjà níbẹ̀.

Ọjọ́ 17: irun

Nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú irun mẹ́wàá tó wà lórí ẹni ló ń hù lọ́wọ́ ní àkókò kan náà. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í re díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ 17, ó bá kóòmù jáde ní òṣùṣù. Mo ní kí ọmọ mi fá a kù. Ó ní, “Mọ́mì, orí yín rẹwà o.” Irun á padà hù lẹ́yìn ìtọ́jú. Mo wé gèlè, mo padà sẹ́nu kíkọ ìwé mi.

Ohun tí a máa ń ṣe nílé báyìí

- A kọ ọjọ́ kẹ́mò sára kàlẹ́ńdà, a sì fi yíǹkì pupa yí ọjọ́ 7 sí 14 ká.
- Tẹmómítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ tí a gbé lé iwájú orí kò lè sọ ìyàtọ̀ 37.5 àti 38.4.
- Bó bá ti dé 38, tàbí òtútù bá ń gbọ̀n mí kódà bí kò tíì dé bẹ́ẹ̀, a ń lọ. Mi ò ní kọ́kọ́ lo parasitamọ́ọ̀lù, torí ó lè bo ibà mọ́lẹ̀ kí ewu sì wà nísàlẹ̀.
- Mi ò gba abẹ́rẹ́ ìdí ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì náà máa ń dín kù lásìkò yìí.
- Oúnjẹ gbígbóná tó jinná dáadáa ni mò ń jẹ. Èso tí mo lè fọ̀ kí n sì fọwọ́ ara mi bó, bí ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò burú. Sálàdì àti mọ́ínmọ́ín àná, ó dìgbà mìíràn.
- Ọṣẹ àti omi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń wúkọ́ á kí mi lórí fóònù. Òde ìnáwó á dúró dè mí.
- Owó ọkọ̀ òru wà lọ́tọ̀, nọ́ńbà alájọgbé wa tó ní mọ́tò sì wà lára ògiri.

Mo ti gba ẹ̀ẹ̀kejì báyìí. Lọ́tẹ̀ yìí, lọ́jọ́ kejì kẹ́mò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní abẹ́rẹ́ filgrastim, tó ń sọ fún mùdùnmúdùn eegun pé kó tètè ṣe neutrophil. Ọjọ́ 9 rèé tí mò ń kọ èyí. Tẹmómítà sọ 36.8 láàárọ̀ yìí.

Bí ẹ bá ní ẹnì kan nílé, ní ìjọ tàbí níbi iṣẹ́ tó ń gba kẹ́mò, ẹ máa bi í ní ìbéèrè kan yàtọ̀ sí “ṣé ara ti ń le?” Ẹ bi í pé, “Ọjọ́ kélòó rèé?” Bó bá wà láàárín ọjọ́ 7 sí 14, tí ara rẹ̀ sì gbóná, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má bá a wá agbo, ẹ má ní kó sùn kó jí. Ẹ bá a wá ọkọ̀.